Bí Ìyàwó Ilé Ṣe Kọ́ Mi Ní Aṣọ Tábìlì

Àwòrán ni obìnrin náà gbé wá, kì í ṣe aṣọ. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi lójú bí ẹni tó ń fi ìwé han ọlọ́pàá, ó ní, "Màámà, ṣé ẹ lè hun irú èyí fún mi kó tó di Bronya?" Bronya ni wọ́n ń pe ọdún Kérésìmesì ní Kumasi níbí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, Bantama ló ń gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ti òkè òkun bọ̀ wá bá a ṣọdún, ó sì fẹ́ kí wọ́n wọlé bá tábìlì tó wọ aṣọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ní èdè Twi tí a jọ ń sọ: tábìlì tó wọ aṣọ. Mo rò ó nínú ara mi pé èèyàn mélòó ló wà ní Aboabo, àdúgbò tiwa, tí kò rí aṣọ ọdún wọ̀, kó tó wá kan igi.

Mo gba fóònù náà, mo gbé e jìnnà sí ojú kí n lè rí i dáadáa. Aṣọ funfun kan ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì gígùn. Àárín rẹ̀ fẹ̀, ó sì nípọn. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì kún fún iṣẹ́ ọnà: igun mẹ́ta lórí igun mẹ́ta, àtẹ̀gùn kéékèèké, ohun tó jọ ojú ẹyẹ, gbogbo rẹ̀ ní òwú pupa àti òwú aláwọ̀ ewé tó yọrí sókè lára funfun bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tún ká aṣọ pélébé kan sí. Mo bi í pé kí ni ìwọ̀nyẹn. Ó ní aṣọ ìnuẹnu ni, pé méjìlá lòun fẹ́.

Aṣọ ìnuẹnu! Nínú ilé tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá jẹun tán á fọ ọwọ́, á fi omi ṣan ẹnu, á sọ pé Alhamdulillahi. Bí epo bá kù sí ètè, ahọ́n wà fún un. Èmi á wá jókòó ti òfì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí ọmọ ẹnìkan lè ti òkè òkun dé, kó fi iṣẹ́ ọwọ́ mi nu ọbẹ̀ ẹyìn kúrò ní àgbọ̀n?

Mi ò sọ ìyẹn fún un. Ohun tí mo sọ ni pé, "Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Ìyàwó ilé yín tó wà ní Krofrom sọ pé..."

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kò sí ohun tí ìyẹn mọ̀ nípa òwú tí èmi ò ti mọ̀ kí wọ́n tó bí i." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí ìyàwó ilé yìí jẹ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Ọmọ Asante ni, Krofrom ni wọ́n bí i sí. Ó gba Ìsìláàmù kí àbúrò ọkọ mi tó fẹ́ ẹ, ó kọ́ ìrun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, mo gbà pé kò gbọ́. Iṣẹ́ aṣọ híhun ló ń ṣe bíi tèmi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń hun, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n á wá rán pọ̀ kó tó di ohun tí èèyàn lè ró. Ọkùnrin ló ni òfì yẹn láyé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin kan tí kò bí ọmọ ọkùnrin ló jókòó tì í tó fi mọ̀ ọ́n.

Èmi, ìyá mi ló kọ́ mi. Ọmọ Ìlọrin ni, Aboabo ló sì bí mi sí. Òfì tiwa dúró lóòró: igi tó fẹ̀yìn ti ògiri, òwú tó na láti òkè dé ìsàlẹ̀, ahunṣọ á jókòó níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dáná, á máa fi apasa, pákó pẹlẹbẹ tó wúwo, gbá òwú wálẹ̀. Aṣọ tó bá ti ibẹ̀ jáde lè pọn ọmọ, ó lè bo àgbà nígbà ọyẹ́, ó sì lè bo òkú. Ìyá mi máa ń sọ pé aṣọ tí kò bá lè bo èèyàn kì í ṣe aṣọ, ọ̀já ni.

Nítorí náà, mo pe iṣẹ́ ìyàwó ní iṣẹ́ bẹ́líìtì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ nínú ilé, tó mú aṣọ rẹ̀ wá fún ìyá ìkókó, mo máa ń gbà á, mo máa ń wé e mọ́ ìbàdí mi, mo máa ń bèèrè pé irin tí wọ́n fi ń dè é dà. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó béèrè pé kí òun gbé òfì òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, mo ní kò sí àyè. Òfì tirẹ̀ gùn lóòótọ́, òwú rẹ̀ á na jáde síwájú bí okùn ẹran, òkúta ni wọ́n sì fi ń fà á le. Ṣùgbọ́n àyè wà. Ó padà lọ gbé e sí iwájú ilé ìyá rẹ̀ ní Krofrom, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Bí nọ́ọ̀sì ti kúrò, mo na òwú funfun sórí òfì mi, mo bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé igun mẹ́ta ni, igun mẹ́ta kò lè ju èèyàn lọ. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi ń ṣa òwú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: méjì sókè, mẹ́ta sílẹ̀, mo fi òwú pupa gba abẹ́ rẹ̀, mo gbá a wálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Apasa mi wúwo, bó bá ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo òwú pupa á sá wọ inú funfun lọ, kò ní í hàn mọ́. Bí mo bá sì rọra gbá a, á máa mì bí eyín arúgbó. Ohun tó jáde níkẹyìn dà bí ibi tí adìyẹ ti ha ilẹ̀.

Ọmọbìnrin mi fi fídíò kan hàn mí. Obìnrin òyìnbó kan jókòó níwájú òfì tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé kò le rárá. Ó ṣa òwú díẹ̀, wọ́n gé fídíò, ó padà wá pẹ̀lú aṣọ tó ti parí. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wọ́n gé sọ nù. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ kúrò lójú mi.

Ọkọ mi dé láti mọ́sálásí, ó dúró, ó wo òfì náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹja ni, àbí ẹyẹ?"

Mo ní, "Igun mẹ́ta ni."

Ó ní, "Háà. Allah á ràn ẹ́ lọ́wọ́." Ó sì wọlé lọ. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń ṣe é fún aláìsàn ni.

Ọjọ́ kejì, mo múra lọ sí Krofrom. Kò jìnnà sí wa, mo lè fẹsẹ̀ rìn ín, ṣùgbọ́n mo wọ trótró, ọkọ̀ akérò kékeré, mo sì jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo bá ìyàwó níwájú ilé ìyá rẹ̀, ó wà nínú òfì rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń lọ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó sọ ọ̀kọ̀, igi kékeré tí wọ́n fi ń ta òwú kọjá, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi! Akwaaba, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá kú kí n tó wá kí ẹ ni?"

Ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dé ibẹ̀ nìyẹn. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Mo mu omi náà tán, mo bu ẹnu àtẹ́ lu oòrùn, mo bu ẹnu àtẹ́ lu ọkọ̀ tí mo wọ̀ wá, lẹ́yìn náà ni mo wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń gbé àwòrán yọ lára aṣọ."

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀rẹ́ yín náà ń hun aṣọ tábìlì fún nọ́ọ̀sì Bantama ni?"

Mo gbójú sókè. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó ní, "Ìyálé, èmi ni mo júwe ilé wa fún un. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Àárín aṣọ yẹn fẹ̀, òfì mi ò lè hun ún, mo wá sọ fún un pé Ìyálé mi nìkan ló lè hun aṣọ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kumasi, pé kó gbé e lọ bá yín, ká lè jọ ṣe é. Ṣé kò sọ fún yín?"

Ó fẹ́ẹ́ sọ. Èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Ó jọ pé ó gbàgbé."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Mo rò pé ó fẹ́ kí n wọlé kí ìyá rẹ̀ ni. Inú òfì ló ní kí n wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò jókòó sínú òfì yẹn rí, ẹ má jẹ́ kí àwòrán tó wà lára káléńdà tàn yín. Igi mẹ́rin ló yí èèyàn ká, ìjókòó rẹ̀ kò fẹ̀ ju pátákó tí wọ́n ń gé ẹ̀fọ́ lé lọ, wọn ò sì ro ti ìdí bíi tèmi nígbà tí wọ́n kàn án. Nísàlẹ̀, okùn ló ń bọ̀ láti ara òwú, wọ́n so rọ́bà kékeré tí wọ́n gé lára sálúbàtà àtijọ́ mọ́ ìdí okùn kọ̀ọ̀kan. Àárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e ni èèyàn á fi há rọ́bà yẹn, tí á máa fà á. Èmi tí mo ti bí ọmọ márùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Ìyálé, mo wá ń fi ìka ẹsẹ̀ fa àjákù sálúbàtà ní gbangba ní Krofrom, àwọn tó ń ta tòmátì ní òdìkejì ọ̀nà sì gbé àga wọn yí padà kí wọ́n lè rí mi.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Okùn méjì àkọ́kọ́ ń pín òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi ti aṣọ lásán. Okùn méjì kejì ń gbé òwú sókè ní mẹ́fà-mẹ́fà. Bí mẹ́fà bá dìde, òwú aláwọ̀ á kọjá, á sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ débi tí funfun kò ní í hàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọrí sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á padà sí okùn àkọ́kọ́, òwú funfun á kọjá lẹ́ẹ̀kan láti dì í mú. Fún igun mẹ́ta, wọ́n á fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣa èyí tó yẹ kó dìde, wọ́n á sì máa dín in kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí yóò fi ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ó rọrùn láti sọ. Ọpọlọ mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́ Yorùbá.

"Daabi, Ìyálé," ìyẹn ni pé rárá. "Ẹ fa ti ọ̀tún. Ti ọ̀tún."

"Ọ̀tún ni mo fà."

"Ọ̀tún tèmi kọ́. Ọ̀tún yín."

Mo fà á. Ó tẹ orí ba, ó wo aṣọ náà, ó fi èékánná tọ́ka sí ibì kan. "Ẹ ti fo ọ̀kan. Ẹ tú u."

"Kò hàn."

"Ó hàn sí mi. Ẹ tú u."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀meje ni mo tú u. Mo bínú. Mo sọ fún un pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á pa á lẹ́nu mọ́, àgbà tí kò bá rí èsì fọ̀ a máa sá lọ sábẹ́ òwe. Ó ń ran òwú sí ìdí ọ̀kọ̀ nígbà yẹn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣé àkísà la fẹ́ tẹ́ sórí tábìlì ni, Ìyálé?"

Ìyá rẹ̀ tó wà nínú yàrá, tí wọ́n ní kò gbọ́ Yorùbá, bú sẹ́rìn-ín.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Mo ń sọ fún àwọn ará ilé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, pé mo ń lọ gba ìtọ́jú, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ìka ẹsẹ̀ mi wú. Nídìí òfì, ìyàwó di ẹlòmíì. Bó bá wá sílé wa ní Aboabo, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á máa pè mí ní ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti gbóná, ó máa ń gbàgbé. "Gbé ẹsẹ̀ ẹ! Gbé e! Ìwọ náà, kí lo ń wò?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo dáwọ́ dúró, mo yíjú sí i, mo dúró kó bẹ̀ mí. Kò mọ ohun tí mò ń dúró dè. Ó rò pé okùn ló já.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, igun mẹ́ta àkọ́kọ́ mi jáde láìsí àléébù. Mo na án sókè, mo fi ọwọ́ pa á, mo sì sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu láìrò ó. Mo ní, "Ẹ wò ó bí nǹkan kékeré báyìí ṣe le tó. Èmi rò pé bẹ́líìtì lásán ni."

Ìyàwó ń mu kókó lọ́wọ́. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Ìyálé, mo gbọ́ Yorùbá."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Rárá. Mo ń sọ pé mo gbọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọdún tí mo wọlé yín gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wé aṣọ mi mọ́ ìdí, tí ẹ ń bèèrè irin, mo gbọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín nítorí pé bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, mo máa sunkún, ọkọ mi á sì bá yín jà. Èmi ò fẹ́ ìjà."

Ó gbé ife rẹ̀, ó sì parí kókó rẹ̀.

Bí mo bá sọ pé mo tọrọ àforíjì, irọ́ ni. Mo kọjú sí òfì, mo fa okùn òsì níbi tó yẹ kí n fa ti ọ̀tún, kò sì sọ pé kí n tú u. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ tó sọ lọ. Mo tú u fúnra mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo sè wàrà, mo dín in, mo fi ata gígún sí i, mo gbé e lọ fún un. Láti ìgbà tó ti wọlé wa, òun ló ń gbé oúnjẹ wá bá mi. Ó ṣí abọ́ náà, ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì. Ó ní, "Ó dùn. Iyọ̀ ló kù." Ọmọ Asante tó ń kọ́ mi ní wàrà! Ṣùgbọ́n mo ti tọ́ ọ wò kí n tó jáde nílé, iyọ̀ kù lóòótọ́. Ó bu iyọ̀ sí i, a jọ jẹ ẹ́.

Àárín aṣọ náà, orí òfì tèmi ni mo ti hun ún ní Aboabo, funfun tí kò ní àbàwọ́n, ibú méjì tí mo rán pọ̀. Níbẹ̀, èmi ni ọ̀gá. Ìyàwó wá jókòó wò mí lọ́jọ́ kan, ó gbìyànjú láti gbé apasa mi, ó gbá òwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní èjìká ti ń já òun. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ti yẹ lọ. Aṣọ etí náà, èmi ni mo hun èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Krofrom, òun ló hun àwọn ojú ẹyẹ, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Àwọn aṣọ ìnuẹnu méjìlá, a pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á mọ mẹ́fà tèmi; àwọn ni wọn ò dọ́gba.

A gbé e lọ sí Bantama ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún. Mo ní kí ìyàwó bá mi lọ, torí pé aṣọ náà wúwo, mi ò sì fẹ́ kó hunjọ. Ilé nọ́ọ̀sì tutù, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi tí mo fi rí àárín ẹsẹ̀ ara mi. Igi ike kan dúró ní igun pálọ̀, wọ́n ti ya òwú wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kó lè dà bíi yìnyín. Òwú gidi! Ní Kumasi, tí ọyẹ́ ti ń fa ètè èèyàn ya, wọ́n ń na òwú mọ́ ike kí ó lè dà bí ohun tí kò sẹ́ni tó rí i rí ní àdúgbò yẹn.

A tẹ́ aṣọ náà. Mo sọ ọ́ láìgbéraga: ó dára. Funfun náà jókòó jẹ́ẹ́, pupa àti àwọ̀ ewé sì hàn ketekete ní etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó fi ọwọ́ pa á, ó pe aládùúgbò rẹ̀ wá wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo ti ṣi obìnrin náà lóye. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ, ó sì gbé rọ́bà kan tí wọ́n ká jọ jáde, rọ́bà tó nípọn, tó mọ́ gaara bíi dígí, èyí tí wọ́n ń gé tà ní ọjà. Ó tú u, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

Ó ní, "Kí ọbẹ̀ má baà bà á jẹ́. Màámà, ẹ ò mọ bí ọbẹ̀ ẹyìn ṣe ń ṣe aṣọ funfun."

"Àwọn ìnuẹnu ńkọ́?"

"Háà, ìyẹn dára jù fún ẹnu. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni mo máa tò wọ́n sí, kí àlejò máa rí wọn. Mo ti ra tíṣù."

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi fa àjákù sálúbàtà! Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, ó kọjú sí ìyàwó, ó ní, "Ìwọ ọmọ iṣẹ́, bá mi di ẹ̀gbẹ́ rọ́bà yìí mú, kó má yẹ̀."

Ìyàwó na ọwọ́. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Ìyàwó ilé mi ni. Òun kan náà tí ẹ bá ní Krofrom, àbí ojú rẹ̀ ti yí padà? Iṣẹ́ ọnà tó wà ní etí aṣọ yìí, òun ló kọ́ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí rọ́bà yín dúró, ẹ pe àwọn ọmọ yín."

Aládùúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi ike. Nọ́ọ̀sì ní òun kò dá a mọ̀ nínú ìbòrí ni, kó má bínú. Ìyàwó ní kò sí wàhálà, ó sì wo ilẹ̀.

Ẹ má rò pé inú rere ló mú mi sọ̀rọ̀. Ìbínú rọ́bà ni. Ká ní obìnrin yẹn fi aṣọ náà sílẹ̀ lásán, kó kàn yìn ín, kó sì bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo mọ ara mi, mo lè ní ọwọ́ ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, kò sì ṣeé tú bí òwú.

Nínú trótró, bí a ti kúrò ní Bantama, èjìká ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Ẹ pe àwọn ọmọ yín!" Ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ bí mo ṣe gbá ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi tí mate tó ń gba owó ọkọ̀ fi bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò sì fẹ́.

Ọjọ́ kejì ọdún, nọ́ọ̀sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká, wọ́n dé fìlà bébà pupa, ìrẹsì, adìyẹ àti ọbẹ̀ ẹyìn nínú ìkòkò ńlá wà níwájú wọn, àwọn ọmọ òkè òkun ń rẹ́rìn-ín, iná fọ́tò sì kọ yànrànyànràn lórí rọ́bà débi tí èèyàn á fi rò pé orí omi ni wọ́n ti ń jẹun. Mo gbé fóònù náà lọ bá ìyàwó ní Krofrom kí a lè jọ bú wọn. Ó gbà á, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà tóbi, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ìyálé, ẹ wo ibí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ọmọkùnrin yìí. Igun mẹ́ta yìí, ẹ fo òwú méjì."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni. Òwú méjì.

Mo ní, "Rọ́bà wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Ó ní, "Èmi ti rí i," ó sì sún ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú òfì kí n lè ráàyè jókòó síbẹ̀.